Abèèrè Kì Í Ṣìnà: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Fi Iná Bi Ilẹ̀ Léèrè Kí A Tó Kọ́lé



Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ní ilé tí mẹ́rin nínú àwa tí a jọ kọ èyí ń gbé, ògiri ti lanu tipẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé yàrá kẹta, ó gba àárín búlọ́ọ̀kù kọjá ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Lọ́dọọdún ni Bàbá onílé wa máa ń pe bíríkìlà wá fi sìmẹ́ǹtì dí i, tí wọ́n á sì fi ọ̀dà kùn ún. Bí ọyẹ́ bá ti mú, á tún là. Bí òjò bá wá rọ̀ dáadáa, á pa ẹnu dé díẹ̀. A ti ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ògiri wa máa ń yán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀fẹ̀ náà tán lọ́jọ́ tí Bàbá sọ fún wa pé òun fẹ́ da dẹ́kìn sórí ilé náà, kí òun fi yàrá mẹ́fà mìíràn lé e. Búlọ́ọ̀kù ti dé, wọ́n ti tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kànga.

A ní ọ̀rẹ́ kan tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ibi tí wọ́n á ti fi ẹ̀rọ dánra wò, Bàbá sì gbà kí wọ́n lo ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n kó ọ̀pá irin mẹ́rin, wáyà gígùn, bátìrì, òòlù àti ẹ̀rọ kékeré kan wá. Wọ́n gún ọ̀pá mọ́lẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sílẹ̀, wọ́n yọ ọ̀pá, wọ́n tún gún un jìnnà sí i. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ọ̀rẹ́ wa fẹ́ ṣàlàyé fún Bàbá, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ṣáá. Ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ni o. Ó wá yíjú sí wa: "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń kọ́ Yorùbá? Ẹ bá mi sọ ọ́ fún Bàbá."

Ojú tì wá. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òpó iṣẹ́ náà, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní resistivity, kò sí Yorùbá rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wa. A bẹ Bàbá pé kó fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan. Nínú ọ̀sẹ̀ náà ni a wá ìtàn tí ẹ fẹ́ kà yìí jọ, nítorí a rò pé bí a bá mọ bí àwọn ènìyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná bi ilẹ̀ léèrè, a ó mọ bí a ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé.

Kí iná tó dé

Kò sí ìran tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀. Àwọn tó ń fi erùpẹ̀ mọlé nílẹ̀ Yorùbá mọ èyí tó ń lẹ̀ mọ́ra àti èyí tó ń fọ́. Wọ́n mọ yangí, ilẹ̀ pupa líle tí ọkọ́ ń ta fò lórí rẹ̀. Àwọn amọ̀kòkò mọ ibi tí amọ̀ kíkì wà, àwọn agbẹ́kànga sì mọ iye ìpele tí ènìyàn yóò gbẹ́ kọjá kó tó kan omi. Ojú, ọwọ́ àti ọkọ́ ni wọ́n fi ń bi ilẹ̀ léèrè. Àléébù ibẹ̀ ni pé ibi tí ọkọ́ bá dé nìkan ni ènìyàn lè mọ̀. Bí o bá gbẹ́ kòtò kan níwájú ilé, o kò tíì mọ ohun tó wà lẹ́yìnkùlé.

Òyìnbó náà jìyà èyí. Ní ìlú Pisa ní Ítálì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣọ́ gíga kan ní ọdún 1173. Wọn kò tíì kọ́ ọ jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí amọ̀ rírọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ayé ń lọ wò ó títí dòní, àwọn ènìyàn ń ya fọ́tò níbẹ̀. Ìpìlẹ̀ tó ṣini lọ́nà ni wọ́n ń yà ní fọ́tò.

Àwọn tó ń wá ọrọ̀ nínú ilẹ̀

Kì í ṣe nítorí ilé ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ fi iná sí ilẹ̀. Nítorí ọrọ̀ ni. Ní ọdún 1830, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Were Fox, ní Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde pé iná kékeré kan ń ṣàn fúnra rẹ̀ nínú ilẹ̀ níbi tí bàbà àti àwọn irin mìíràn wà nínú àpáta. Ibi ìwakùsà ló ti rí i. Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá sí àsìkò náà, ní 1827, tí Georg Ohm ní Jámánì ṣàlàyé bí iná ṣe ń bá ìdènà pàdé nínú ohun tó bá ń gbà kọjá. Orúkọ Ohm yìí ni a ṣì ń lò nígbà tí a bá ń wọn ìdènà.

Ẹni tó sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi ni Conrad Schlumberger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí ní 1878. Olùkọ́ físíìsì ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga nípa ìwakùsà ní Paris. Ohun tó rò rọrùn: dípò kí á dúró de iná tó ń ṣàn fúnra rẹ̀, kí ló dé tí a kò fúnra wa rán iná sínú ilẹ̀, kí a sì wo ọ̀nà tó gbà? Ó kọ́kọ́ dán an wò nínú ọpọ́n tó kó yanrìn sí. Ní 1912, ó gbé e lọ sí oko ìdílé wọn ní Val-Richer, ní Normandy. Ó gún ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó rán iná wọlẹ̀, ó ń rìn kiri pẹ̀lú ẹ̀rọ láti wá àwọn ibi tí agbára iná ti dọ́gba, ó sì fi ìlà so wọ́n pọ̀ lórí ìwé. Níbi tí ilẹ̀ bá ti rí bákan náà, ìlà á lọ wọ́ọ́rọ́. Níbi tí ohun mìíràn bá sá pamọ́ sí, ìlà á wọ́.

Ogun Àgbáyé Kìíní dá iṣẹ́ náà dúró. Lẹ́yìn ogun, ní 1919, Paul tó jẹ́ bàbá wọn bá Conrad àti àbúrò rẹ̀ Marcel ṣe àdéhùn, ó sì gbé owó kalẹ̀ kí wọ́n lè tẹ̀ síwájú. Ní 1920 Conrad tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí bí a ṣe ń fi iná wádìí abẹ́ ilẹ̀. Ní 1926 wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ní 1927 wọ́n sì sọ ẹ̀rọ wọn sínú ihò kànga epo rọ̀bì ní Pechelbronn ní Alsace. Láti ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti di orúkọ ńlá láàárín àwọn tó ń wá epo, títí tó fi dé etí àwa náà ní Nàìjíríà. Àmọ́ epo kọ́ ni tiwa lónìí.

Ọ̀pá mẹ́rin

Ní ìhà kejì òkun, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Frank Wenner, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó òṣùwọ̀n. Ní 1915 ó kọ ọ̀nà tí a lè gbà wọn ìdènà ilẹ̀ sí iná. Lára ohun tó ní lọ́kàn ni ọkọ̀ ojú irin ìgboro tó ń fi iná ṣiṣẹ́. Iná wọn máa ń jò sínú ilẹ̀, ó sì máa ń jẹ páìpù tí wọ́n rì sábẹ́ títì.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni pé bí a bá gún ọ̀pá méjì péré, tí a rán iná gba àárín wọn, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ló ń dènà iná. Ibi tí ọ̀pá ti fara kan ilẹ̀ náà ń dènà rẹ̀, pàápàá bí ilẹ̀ bá gbẹ. Ohun tí Wenner lò ni ọ̀pá mẹ́rin lórí ìlà kan, tí ìjìnnà àárín wọn dọ́gba. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn òde ló ń gbé iná wọlẹ̀. Àwọn méjì tó wà láàárín kì í gbé nǹkan kan, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. A lè fi wọ́n wé ènìyàn méjì tó ń sọ̀rọ̀, tí méjì mìíràn jókòó sáàárín wọn tí wọ́n ń tẹ́tí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. A ó fi iye iná tí a rán wọlẹ̀ pín agbára iná tí a gbọ́ láàárín. A ó sọ èyí di ìlọ́po ìjìnnà tó wà láàárín ọ̀pá kan sí èkejì, lẹ́yìn náà a ó tún sọ ọ́ di ìlọ́po 6.28. Ohun tó bá jáde ni ìdènà ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń fi ohm-mita kà. Lẹ́yìnkùlé wa, nígbà tí ọ̀pá jìnnà síra ní mítà 1, ìpín náà jẹ́ 65, ìdènà sì jẹ́ nǹkan bí 408. Nígbà tí ó di mítà 5, ìpín jẹ́ 3, ìdènà wálẹ̀ sí 94. Nígbà tí ó di mítà 20, ìpín jẹ́ 2.2, ìdènà tún gòkè sí nǹkan bí 276.

Kí ló dé tí nọ́ńbà ń yí padà? Bí a bá ṣe ń fa ọ̀pá jìnnà síra tó, bẹ́ẹ̀ ni iná ń rìn jìnnà tó wọ inú ilẹ̀. Iná sì máa ń wá ọ̀nà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nínú ilẹ̀, omi ló sábà máa ń gbé e kiri. Amọ̀ máa ń di omi mọ́ra, nítorí náà iná máa ń rí ọ̀nà gbà nínú rẹ̀. Yanrìn gbígbẹ, yangí àti àpáta tí kò sán kì í fún un láyè. Ibi tí a ti rí ọ̀rọ̀ wa nìyẹn: agídí. Ilẹ̀ kan ní agídí sí iná, òmíràn kò ní. Ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ìwé atúmọ̀ fún iṣẹ́ yìí, àmọ́ kò sí Bàbá onílé tí kò mọ ohun tí agídí jẹ́.

Lẹ́yìnkùlé wa, agídí pọ̀ lókè, ó dínkù lábẹ́ rẹ̀, ó tún ń pọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ pátápátá.

Ọdún 1928

Nígbà tó fi máa tó bíi ọdún 15 tí Schlumberger ti gún ọ̀pá mọ́lẹ̀ ní Normandy, àwọn tó ń kọ́ ìsédò bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé ẹ̀rọ tó lè rí bàbà lábẹ́ ilẹ̀ lè sọ ibi tí àpáta wà fún àwọn náà. Ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ wá láti odò Connecticut ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ń pè ní Fifteen Mile Falls. Láyé àtijọ́, yìnyín ńláńlá ti bo ilẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Nígbà tí yìnyín náà yọ́, ó fi yanrìn, amọ̀ àti òkúta sílẹ̀ lórí àpáta, débi pé ènìyàn kò lè dúró lókè kó mọ bí àpáta ṣe jìn tó nísàlẹ̀. Irving Crosby tó jẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ àti E. G. Leonardon tó ń bá àwọn Schlumberger ṣiṣẹ́ fi iná wádìí ibẹ̀. Ní 1928 ni wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ jáde lórí fífi iná yanjú ọ̀ràn ìpìlẹ̀. Ní 1930 ni wọ́n parí ìsédò Comerford sí orí odò náà.

Ọdún 1928 kan náà ni ohun tó bani nínú jẹ́ ṣẹlẹ̀ ní California. Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kẹta, ó kù díẹ̀ kí aago 12 lù, ìsédò St. Francis já. Omi gbá àfonífojì náà lọ, àwọn tó kú kò dín ní 400. William Mulholland tó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ náà ti wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ti ní kò séwu. Àwọn tó wádìí rẹ̀ lẹ́yìn náà rí i pé ilẹ̀ tí wọ́n gbé e lé ni kò ṣeé gbára lé. Ní apá kan, òkúta ibẹ̀ ń rọ̀ bí omi bá kàn án. Ní apá kejì, òkè tó ti yẹ̀ rí láyé àtijọ́ ni wọ́n gbé e tì.

A kò sọ pé iná ìbá ti gba àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn là. Ohun tí a ń sọ ni pé lẹ́yìn irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, kò rọrùn mọ́ fún ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ ohun ńlá láti sọ pé ilẹ̀ tí òun rí lókè ti tó òun. Ìsédò, afárá àti títì ló kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Ilé mẹ̀kúnnù kẹ́yìn.

Ohun mìíràn tó dá a dúró ni ìṣirò. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń sọ kì í ṣe ti ìpele ilẹ̀ kan ṣoṣo. Àpapọ̀ gbogbo ibi tí iná gbà kọjá ni. Kí ènìyàn tó mọ ti ìpele kọ̀ọ̀kan, ó ní láti ya ìlà sórí ìwé, kó sì gbé e lé orí àwọn ìlà tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi rí èyí tó bá tirẹ̀ mu. Orellana àti Mooney tẹ irú ìwé ìlà bẹ́ẹ̀ jáde ní Madrid ní 1966. Nígbà tó di 1996, Loke àti Barker gbé ọ̀nà kan jáde tí kọ̀ǹpútà fi lè ṣe ìṣirò náà kíákíá, kó sì ya àwòrán abẹ́ ilẹ̀ bí ẹni tó fi ọ̀bẹ la àkàrà sí méjì. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀pá ni wọ́n máa ń so mọ́ wáyà kan ṣoṣo, ẹ̀rọ á sì máa yan èyí tó fẹ́ lò fúnra rẹ̀.

Ó dé ilẹ̀ wa

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ iṣẹ́ yìí láìmọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tó máa ń gún ọ̀pá mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó wa bọ́hóòlù, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ibi tí omi lè wà ni wọ́n ń wá.

Àmọ́ ti ìpìlẹ̀ náà ti pẹ́ nílé. Ní 1987, M. O. Ọlọ́runfẹ́mi àti E. A. Mesida kọ àpilẹ̀kọ kan nínú The Nigerian Engineer lórí bí irú ìwádìí yìí ṣe wúlò fún ibi tí a fẹ́ kọ́ nǹkan sí, agbègbè Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ ronú sí i: ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń kọ èyí kò tíì sí láyé, àwọn òbí wa ṣì wà nílé ìwé.

Ní 2006, Idornigie, Ọlọ́runfẹ́mi àti Omitogun tẹ òmíràn jáde nínú Ife Journal of Science, lórí ibi ìkọ́lé kan ní Àkùngbá-Àkókó. A fẹ́ràn èyí nítorí ó fi agídí ilẹ̀ ṣe ìpele tí ẹnikẹ́ni lè lóye. Ilẹ̀ tí agídí rẹ̀ kò tó 100 ohm-mita, amọ̀ ni, kò yẹ fún ìpìlẹ̀. Láti 100 sí 350, amọ̀ tó ní yanrìn nínú ni, ó ṣeé lò díẹ̀. Láti 350 sí 750, yanrìn tó ní amọ̀ nínú ni, ó dára. Èyí tó bá ju 750 lọ, yanrìn, yangí tàbí àpáta ni, ó dára gan-an. Ilẹ̀ oníàpáta bíi ti Àkókó ni wọ́n ṣe é fún o, kì í ṣe òfin fún gbogbo ayé.

Ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Láti Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Àkúrẹ́ títí dé Ìdànrè àti Àkókó, àpáta àtayébáyé ló wà nísàlẹ̀. Níbòmíràn ó yọ síta, bí Olúmọ. Níbòmíràn ó farapamọ́ sábẹ́ òkúta tó ti jẹrà di amọ̀. Ilé méjì lè wà lójúlé kan náà, kí ọ̀kan jókòó sórí yangí, kí èkejì wà lórí amọ̀. Ní Èkó àti etí òkun, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Yanrìn, amọ̀ àti ẹrẹ̀ dúdú tó kún fún ewéko jíjẹrà ló tò léra wọn níbẹ̀, àpáta sì jìnnà réré. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gún òpó gígùn wọlẹ̀ fún ilé gíga ní Erékùṣù Èkó, kí ẹsẹ̀ ilé lè dé ibi tí ó le.

Ohun tí iná kò lè sọ

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí a bá sọ pé iná mọ gbogbo nǹkan, irọ́ la pa.

Lákọ̀ọ́kọ́, iná kò mọ amọ̀, omi ló mọ̀. Yanrìn tó dára tó kún fún omi iyọ̀ lẹ́bàá òkun lè fi agídí tó kéré ju ti amọ̀ lọ hàn. Omi sókàwéè tó ń jò lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Lẹ́ẹ̀kejì, ìpele tí kò nípọn lè sá pamọ́ láàárín àwọn tó nípọn, kí nọ́ńbà má fi í hàn. Lẹ́ẹ̀kẹta, iná kò sọ iye ẹrù tí ilẹ̀ lè gbé. Fún ìyẹn, wọ́n ní láti gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n bu erùpẹ̀ lọ sí ilé ìdánwò, tàbí kí wọ́n ti irin onímú ṣóńṣó wọlẹ̀ kí wọ́n sì wo bí ilẹ̀ ṣe ń kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ iná ni kó sọ ibi tó yẹ kí a gbẹ́. Dípò ihò ogún tí a gbẹ́ láìmọ ibi tí a ń lọ, a lè gbẹ́ mẹ́ta síbi tó yẹ.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, kì í ṣe ilẹ̀ ló ń wó gbogbo ilé. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó sì pa ju ènìyàn 40 lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé tí ilé ìwé àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹnu wa máa ń yá láti sọ ohun tó fà á. Sìmẹ́ǹtì tí kò tó, ọ̀pá irin tín-ín-rín, àjà tí kò sí nínú ìwé àṣẹ, ìpìlẹ̀ tí kò bá ilẹ̀ mu: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló tó í wólé. Ilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára wọn, òun sì ni a kì í rí mọ́ bí ilé bá ti dúró tán.

Bí a ṣe sọ ọ́ fún Bàbá

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, a jókòó yí Bàbá ká lábẹ́ igi máńgòrò. A ní, "Bàbá, a fi iná bi ilẹ̀ yín léèrè ọ̀rọ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ṣé ilẹ̀ wá dá yín lóhùn?"

A ní ó dáhùn. A ní ilẹ̀ òkè le díẹ̀, ó ní agídí. Lábẹ́ rẹ̀, agídí náà wálẹ̀, ó sì jọ pé amọ̀ ló wà níbẹ̀. Amọ̀ máa ń wú bí ó bá mu omi, ó sì máa ń súnkì bí ó bá gbẹ. A ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí nìyẹn tí ògiri fi ń yán nígbà ọyẹ́. Ọ̀rẹ́ wa yára fi kún un pé sókàwéè kò jìnnà sí ibẹ̀, nítorí náà òun kò lè búra. Àfi kí a gbẹ́ ẹ wò.

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá sọ pé nígbà tí òun ń gbẹ́ kànga, bàbá arúgbó tó gbẹ́ ẹ fi amọ̀ eérú kan han òun, ó ní àwọn amọ̀kòkò yóò fẹ́ràn rẹ̀. "Mo rò pé ó ń yìn mí ni," ni Bàbá wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún wa jù. Ẹni tó gbẹ́ kànga ti mọ̀, ó tiẹ̀ ti sọ ọ́ ní Yorùbá. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti mọ̀ láti 1987, wọ́n sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá wà láàárín àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó so ohun tí èkínní mọ̀ mọ́ ohun tí èkejì mọ̀ fún un.

Wọ́n gbẹ́ kòtò kan jìnnà sí sókàwéè, ó ga tó ènìyàn. Ní nǹkan bí mítà kan àti ààbọ̀, ọkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀. Amọ̀ eérú ni, ó ń dán, ó ń fà bí ẹ̀bà tó rọ̀. Ọ̀kan nínú wa tí ìyá rẹ̀ àgbà ń mọ ìkòkò fi ọwọ́ pò ó, ó ní èyí dára gan-an ni. Bàbá wò ó, ó ní, "Fún ìkòkò ni o."

Bàbá kò tíì da dẹ́kìn. Kò sì tíì dá búlọ́ọ̀kù padà. Ó ti pe ẹnjiníà kan wá, ẹni yẹn sì ti ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò méjì mìíràn kí òun tó sọ ohunkóhun. Bíríkìlà ń bínú díẹ̀. Koríko ti ń hù láàárín búlọ́ọ̀kù, ògiri wa sì ṣì lanu, àmọ́ àwa tó wà ní yàrá kẹta ti gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ònkàwé wa, iṣẹ́ kan wà tí a fẹ́ kí ẹ bá wa ṣe. Ẹ bi àwọn àgbà yín, pàápàá àwọn agbẹ́kànga, àwọn mọlémọlé àti àwọn amọ̀kòkò, orúkọ tí wọ́n ń pe oríṣiríṣi ilẹ̀ ní ìlú yín, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè èyí tí wọn kì í kọ́lé sí àti ìdí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú orúkọ ìlú náà. A fẹ́ kó wọn jọ síbì kan, kí a tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn nọ́ńbà agídí tí ọ̀rẹ́ wa fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹlòmíràn bá tún gún ọ̀pá mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé bàbá kan, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀rọ̀ kiri.

Ó dìgbà o.